Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí wíìtì, ìwọ̀n ò mì. Níbo ni mo ti ń ṣì í?

Adùnní Aláṣọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni ọdún 43 ni mí, ìyá ọmọ mẹ́ta, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Kílò 86 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lónìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 85 lé díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ti kọ ẹ̀bà sílẹ̀, mo ti kọ iyán sílẹ̀, àmàlà pàápàá, mo ti ń gbàgbé bó ṣe ń dùn. Wíìtì lọ́sàn-án, wíìtì lálẹ́. Oyin ni mo fi rọ́pò ṣúgà. Aago méje alẹ́ kì í bá oúnjẹ lẹ́nu mi. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń ṣínu láràárọ̀. Mo tún ra bẹ́líìtì tí wọ́n ń dì mọ́ ikùn, èyí tó máa ń jẹ́ kí òógùn bò mí bí ẹni tó ń yan gààrí. Mo sì ń fẹsẹ̀ rìn tó kìlómítà mẹ́rin lójúmọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọjọ́ orí ni, pé obìnrin tó bá ti lé ní ogójì, iná ara rẹ̀ ti rọlẹ̀. Òmíràn ní mò ń jẹun kéré jù, pé ara mi ti rò pé ìyàn mú, ló ṣe ń tọ́jú ọ̀rá pamọ́. Ẹ̀kẹta ní kí n lọ mu agbo. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

Tísà Físíìsì

Àǹtí Adùnní, ẹ kú ìrọ́jú. Kí àwọn tó mọ ìṣègùn tó dé, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ohun tí kálórì jẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan kan tó wà nínú ẹ̀bà ni, bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀. Òṣùwọ̀n ooru ni. Ooru tó máa mú kí omi kílò kan fi dígírì kan gbóná sí i, òun ni kálórì kan tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ.

Nílé ìwé wa, ẹ̀pà ni mo fi máa ń ṣe é fáwọn ọmọ SS2. A ó gún ẹyọ ẹ̀pà kan mọ́ orí abẹ́rẹ́, a ó ṣáná sí i, a ó wá gbé e sábẹ́ ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi mílílítà 20 wà nínú rẹ̀. Ẹyọ ẹ̀pà kan ṣoṣo o! Á jó, òróró á máa hó lára rẹ̀, omi á kúrò ní dígírì 28, á sì sún mọ́ 70. Àwọn ọmọ á pariwo. Ọ̀kan nínú wọn wò mí lójú, ó ní, "Sà, ẹ̀kúnwọ́ tí mo jẹ kí n tó wọlé ńkọ́?" N ò ní èsì fún un lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni mo rín.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Wilbur Atwater, ará Amẹ́ríkà kan, ti ṣe ìṣirò tí gbogbo ayé ṣì ń lò: gíráàmù ṣúgà tàbí ṣítáàṣì kan, 4; puróténì, 4; ọ̀rá tàbí òróró, 9. Álíkọ́ọ̀lù inú ọtí, 7. Ẹ fi ọkàn sí 9 yẹn, a máa pa dà bá a.

Ti wíìtì yìí, ẹ má bínú. Gíráàmù 100 gààrí gbígbẹ, tàbí ẹlúbọ́, tàbí ìyẹ̀fun wíìtì, àyíká 340 sí 360 ni gbogbo wọn ń yí. Wíìtì ní puróténì àti fáíbà ju gààrí lọ, èyí lè jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níkùn. Àmọ́ bí òkèlè ẹ̀bà yín bá tó orí ọmọ ọwọ́, tẹ́ ẹ wá rọ wíìtì tó tó orí ọmọ ọwọ́, orí ọmọ ọwọ́ náà ni.

Ìyá Ọlọ́bẹ̀

Adùnní, ọmọ mi, òkèlè ni gbogbo yín ń kà, ẹnikẹ́ni ò ka ọbẹ̀. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń sè tà. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ẹ.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní kí ọkọ mi dín ọ̀rá kù. Baálé mi ní òun ò ní jẹ ọbẹ̀ aláìsàn. Èmi náà ò fẹ́ ìjà. Mo ní sikélì kékeré tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, kí n tó da òróró sínú ìkòkò ọbẹ̀ ata, mo gbé ìgò òróró sórí sikélì: gíráàmù 702. Mo se ọbẹ̀ mi bí mo ṣe máa ń sè é nílé, n ò ṣahun, n ò sì ṣe àṣejù. Nígbà tí mo parí, mo tún gbé ìgò yẹn pa dà: 318. Mo dúró níbẹ̀, mò ń wo ìgò, ìgò ń wò mí. Gíráàmù 384 ti wọ inú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ tẹ́nì kan bá bi mí, ǹ bá búra pé "díẹ̀" ni mo dà.

Àwo méjìlá ni ọbẹ̀ yẹn. Àwo kan, òróró gíráàmù 32. Ẹ fi 9 Tísà lù ú: 288. Ẹran ò sí níbẹ̀ o. Òkèlè ò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo wá ṣe rèé. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, n ò rò ó mọ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Òróró léfòó. Mo mú ṣíbí ọbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sójú ọbẹ̀, mo jẹ́ kí òróró fúnra rẹ̀ máa ṣàn wọlé, mo sì ń dà á sínú agolo tó wà lórí sikélì. Bí mo ṣe ń ṣe é náà nìyẹn títí ojú ata fi yọ. Gíráàmù 150 ni mo ré kúrò. Ìyẹn ni pé àwo kọ̀ọ̀kan já kálórì tó lé ní 110 sílẹ̀, ata ò sì dín, iyọ̀ ò dín. Ọkọ mi ò mọ̀ títí dòní. Tó bá wá ń kà á níbí, ó ti mọ̀ nìyẹn.

Òróró tí mo ré, mo máa ń fi ṣíbí kan lára rẹ̀ dín ẹyin láàárọ̀, òórùn ata ti wọ̀ ọ́ lára. Ṣíbí kan o, ẹ má da gbogbo agolo.

Ti ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́? N ò ní purọ́. N kì í ré ti oníbàárà. Ọbẹ̀ tí òróró ò bá tàn lójú rẹ̀, wọ́n á ní owó ti tán lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́bẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ eléyìí kí n má baà gbàgbé. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ìgò òróró pé, "Ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù." Òróró tó ti ara ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sóyà wá kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rí, ara ẹran àti ẹyin ni nǹkan yẹn ti ń wá. Epo pupa, òróró ẹ̀pà, ólífì olówó ńlá tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ìkan náà ni gbogbo wọn tó bá di ọ̀rọ̀ kálórì.

Adùnní Aláṣọ

Ìyá, ẹ ti dá mi níjì o. Ó dáa, ohun tí mo jẹ lánàá rèé, n ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Àárọ̀: tíì pẹ̀lú mílíìkì, ṣíbí oyin ńlá méjì, búrẹ́dì ègé méjì. Nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ̀pà sísun, ìdajì agolo mílíìkì, torí wọ́n ní ẹ̀pà kì í múni sanra. Ọ̀sán: wíìtì, ẹ̀gúsí, ẹran méjì, pọ̀nmọ́ kan. Aago mẹ́rin, oníbàárà kan tó wá ra lééṣì ra máàtì tútù fún mi. Alẹ́: wíìtì àti ẹ̀fọ́ rírò. Nígbà tí mò ń dín dòdò fáwọn ọmọ, mo tọ́ ọ wò. Àjẹkù àbíkẹ́yìn mi náà, ẹ mọ̀ pé a ò lè da oúnjẹ nù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́, mà. Ní 1992, àwọn oníwádìí kan ní New York kó àwọn tó ń sọ pé bí àwọn ò tilẹ̀ jẹun, àwọn kì í fọn, wọ́n sì wọn ohun tí ara wọn ń ná gan-an. Oúnjẹ tí àwọn èèyàn yẹn ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Òpùrọ́ kọ́ ni wọ́n. Ẹnu ń jẹ, ọkàn ò kà á ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín, ká fi òkèlè, búrẹ́dì àti ẹran sílẹ̀ ná. Ṣíbí oyin ńlá kan tó 64 kálórì, méjì, 128. Oyin dára, àmọ́ ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣíbí ńlá tẹ́ ẹ sì fi ń bù ú ju ṣíbí tíì tẹ́ ẹ fi ń bu ṣúgà tẹ́lẹ̀ lọ. Gíráàmù ẹ̀pà 100 lé ní 560. Ìdajì agolo mílíìkì á tó gíráàmù 50, ẹ kà á sí 280. Máàtì ìgò kan lè tó 180. Bí ọbẹ̀ yín bá rí bíi ti Ìyá Ọlọ́bẹ̀, ọ̀sán àti alẹ́ á ti gbé nǹkan bí 570 wọlé nínú epo nìkan, ẹ sì rántí pé ìdajì ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀, òróró ni, kẹ́ ẹ tó da epo sí i. Àròpọ̀ rẹ̀ ti lé ní 1,150, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì ka òkèlè kan. Obìnrin tó tóbi tó yín, tó ń jókòó tajà, nǹkan bí 2,000 sí 2,200 ni ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀pà kì í ṣe ọ̀tá o. Ó ṣara lóore, ó sì ń yóni. Kí á máa bù ú síwọ́, ká pa agolo dé, ìyẹn ló yẹ.

Ti aago méje: ara ò ní aago tó fi ń ti ilẹ̀kùn. Ohun tó sábà máa ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀ ni pé wọn ò rí ààyè jẹ ìpápánu níwájú tẹlifíṣọ̀n mọ́. Bí ọjà bá mú yín dé ilé ní aago mẹ́sàn-án, ẹ jẹun, kó má kàn pọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í yọ́ ọ̀rá. Bó bá lè yọ́ ọ̀rá ni, ẹran ọlọ́ràá tá a fún un sí kò ní délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, kó má bẹ̀rẹ̀ sí í pa oúnjẹ jẹ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ṣúgà lè wálẹ̀ lójijì kó sì dá a dùbúlẹ̀. Aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà, kí wọ́n béèrè kọ́kọ́.

Alákọrí Eléré

Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fọn sí? Ẹ jẹ́ kí obìnrin sanra kó gbádùn ojú. Ẹ̀yìn ọ̀la wọ́n á ní ọkọ yín ò fún yín lóúnjẹ.

Adùnní Aláṣọ

Àbúrò, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ni. Orúnkún ọ̀tún ò sì jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi. Máa bá eré ẹ lọ.

Ọmọ Ìgbó-Ọrà

Mo kí gbogbo ilé. Mo fẹ́ gbèjà àmàlà àti láfún níbí, torí wọ́n ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́ jù. Ìlú wa ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó jẹ́ kójú là lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàràpá ò sì mọ̀. Ìbejì nìkan laráyé mọ̀ wá mọ́, ìbejì àti ọbẹ̀ ìlasa.

Àwọn oníwádìí láti Loyola University ní Chicago pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn mú obìnrin 149 láti Ìgbó-Ọrà àti Ìdèrè, wọ́n mú obìnrin adúláwọ̀ 172 láti agbègbè Chicago. Tiwa ń wọ̀n tó kílò 58 ní ìpíndọ́gba, tọ̀hún ń wọ̀n tó 83. Gbogbo wa lè máa sọ ìdí rẹ̀ láìronú, àbí? Àwọn tiwa ń lọ sóko, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń ru igi, tọ̀hún ń jókòó sínú mọ́tò. Ohun táwọn oníwádìí náà rò nìyẹn.

Wọ́n wá fún wọn ní omi àkànṣe kan mu, omi tí wọ́n lè tọpa rẹ̀ nínú ìtọ̀, èyí tó ń fi iye agbára tí ara ń ná hàn láìsí àbùmọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Àwọn obìnrin Chicago ń ná 760 kálórì lójúmọ́ lórí rírìn àti iṣẹ́. Tiwa, 800. Ká tó dé ìyàtọ̀, ó ti tán! Oúnjẹ ló yàtọ̀. Tiwa, ṣítáàṣì àti fáíbà ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rá àti ẹran ò tó nǹkan. Tọ̀hún, ọ̀rá nìkan ń kó nǹkan bí 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì wọn, oúnjẹ ilé iṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, àwọn obìnrin tó ń jẹ òkèlè lójoojúmọ́ ni wọ́n fọn jù. Ìyá mi àgbà wà lára àwọn tó máa ń jẹ láfún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Epo tó ń lò fún ìkòkò ìlasa kan kò tó èyí tí ìyàwó mi fi ń dín ẹyin mẹ́ta. Ẹran orí ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ máa ní láti wá a kiri.

Kóòṣì

Ọmọ Ìgbó-Ọrà, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ ẹ ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi o. Kẹ́nì kankan má torí ìyẹn pa bàtà ìrìn tì. Ìrìn ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń ran ara lọ́wọ́ lórí ṣúgà, ó ń jẹ́ ká sùn, ó sì ń bá ẹni tó ti fọn tọ́jú ibi tó dé. Gbígbé irin ń dáàbò bo iṣan, kó má jẹ́ pé iṣan la ń sọ nù dípò ọ̀rá. Ohun tí kò lè ṣe ni kó san gbèsè máàtì. Ẹni tó wọ̀n tó kílò 85, kìlómítà kan tó bá rìn, bíi 50 sí 60 kálórì ni. Kìlómítà mẹ́rin Àǹtí Adùnní, ìgò máàtì kan ló fi díẹ̀ jù lọ. Mo ní oníbàárà kan tó máa ń bá mi fò fún wákàtí kan, tó bá jáde, ó di ọ̀dọ̀ alátẹ ìta: míìtì páì kan, mínírà tútù kan. Ìgò mínírà sẹ̀ntílítà 50 lè ní ṣúgà tó lé ní gíráàmù 50, ìyẹn ju ṣúgà oníhóró méjìlá lọ. Ó ní òun ti jó o dànù. Kò tíì jó ìdajì rẹ̀.

Bẹ́líìtì ikùn: omi lẹ̀ ń sọ nù. Ẹ mu ife omi méjì, ó ti pa dà. A ò sì lè yan ibi tí ọ̀rá máa ti kúrò. Ẹni tó ń ṣe sítápù fún ikùn, iṣan abẹ́ ọ̀rá ló ń le, ọ̀rá yẹn wà lórí rẹ̀ bí aṣọ òtútù. Lára àwọn kan, ojú ló máa kọ́kọ́ fọn, ikùn á gbẹ̀yìn. Ó máa ń dunni, mo mọ̀.

Ṣadé Peckham

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ ṣọ́ ohun méjì lára páálí. Àkọ́kọ́, kJ (kílójúùlù, òṣùwọ̀n agbára míràn) àti kcal (kálórì tá à ń sọ níbí). Ìyá mi wá kí mi, wọ́n mú bísíkíìtì, wọ́n rí 1,046, wọ́n sọ páálí nù bí ẹni rí ejò. kJ ni wọ́n kà. 250 kálórì ni, tí ẹ bá fi 4.184 pín in. Èkejì: wọ́n á kọ iye kálórì fún "ìpín kan", ìpín kan yẹn á wá jẹ́ gíráàmù 30. Ẹ wọn èyí tẹ́ ẹ máa ń bù sínú abọ́ láàárọ̀. Tèmi jẹ́ 85.

Àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ èso mu. Ọsàn mẹ́rin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, oyin díẹ̀. Ta ló lè jókòó jẹ gbogbo ìyẹn? Tá a bá mu ún, ìṣẹ́jú méjì ni, ebi á sì tún pa wá lágogo mọ́kànlá.

Alágbo Ọjà Ọba

Mo ti ń retí ìgbà tí wọ́n máa bú agbo, kò tíì sẹ́ni tó bú u, ẹ jẹ́ kí n kúkú bú u fúnra mi. Agbo ni mò ń tà, ìyá mi tà á, ìyá wọn tà á. N kì í ta ti "fọn ara lọ́sẹ̀ kan". Ohun tí wọ́n ń rọ sínú ìgò yẹn, ewé asúnwọ̀n àti irú rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tó ń yàgbẹ́ ni. Wọ́n á yà á, ikùn á wọlé, wọ́n á gun òṣùwọ̀n, kílò méjì ti lọ! Omi àti ìgbẹ́ ló lọ. Bí oúnjẹ bá ti dé ìfun ńlá tí ewé yẹn ti ń ṣiṣẹ́, ara ti gba tiẹ̀ tán láti ìfun kékeré. Tíì inú páálí tí wọ́n ń pè ní ti ikùn pẹlẹbẹ, ewé kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo ti rí obìnrin tó mu ún ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún oṣù mẹ́ta, kò lè yàgbẹ́ mọ́ láìmu ún. Òyì ń kọ́ ọ lọ́jà. Ilé ìwòsàn ni mo ní kó lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyá Alágbo, kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Tí irú yín bá pọ̀, iṣẹ́ wa á dín kù.

Tísà Físíìsì

Mo pa dà wá sórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti ìyàn.

Ní 2021, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tó kó èèyàn tó lé ní 6,400 jọ láti orílẹ̀-èdè 29, láti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ títí dé arúgbó ọdún 95. Tí wọ́n bá ti yọ títóbi ara kúrò nínú ìṣirò, iye agbára tí ara ń ná kò yí láti ọdún 20 títí dé 60. Ẹ̀yìn 60 ló ń lọ sílẹ̀, ìyẹn náà kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ọ̀rẹ́ Àǹtí Adùnní ò ríran síbẹ̀. Ohun tó ń yí láàárín 20 sí 43 ni pé nígbà yẹn à ń sáré tẹ̀lé dánfó, lónìí à ń jókòó ti owó.

Ti ìyàn: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1944 sí 1945, Ancel Keys, oníwádìí kan l'Amẹ́ríkà, kó ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn jọ ní Minnesota. Fún ọ̀sẹ̀ 24, ó fún wọn ní oúnjẹ tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, ara wọn rọlẹ̀, òtútù ń mú wọn, agbára tí wọ́n ń ná dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n fọn, ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn lọ. Kò sẹ́ni tó febi pa ara rẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ wá ń pọ̀ sí i.

Àmọ́ èèpo òtítọ́ kan wà lára irọ́ yẹn. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn 14 kan tó wà nínú ìdíje tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fọn kánkán. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ara wọn ṣì ń ná nǹkan bí 500 kálórì kéré sí iye tó yẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti sanra pa dà. Ara kì í gbàgbé ẹni tó fipá mú un. Ìdí rèé tí n kì í fi gba ìṣirò inú fóònù gbọ́, pé tá a bá yọ 500 lójúmọ́, nǹkan bí ìdajì kílò á máa bọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí láé. Bí ara ṣe ń kéré ni ohun tó ń ná ń kéré.

Àlàájà Òṣogbo

Ṣé kí n sọ tèmi? Mo fi ààwẹ̀ Ramadan sanra. Ọgbọ̀n ọjọ́, kílò méjì ló wọlé. Ẹ wo tábìlì ìṣínu wa: àkàrà, ẹ̀kọ, dábínù, èso, ògì onímílíìkì, pọ́fùpọ́ọ̀fù àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn Taráwíì ni oúnjẹ gan-an tó dé. Lọ́dún yìí mọ́ínmọ́ín ni mo fi rọ́pò àkàrà, ẹ̀wà kan náà ni, òróró ló yàtọ̀. Àwọn ọmọ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Adùnní Aláṣọ

Ẹ̀yin ará ilé, mo pa dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá. Mo ti pa dà sórí àmàlà! Abọ́ kékeré ni mo fi ń dá òkèlè rẹ̀ báyìí, kì í ṣe ojú. Mo ra sikélì ní Dùgbẹ̀, mo wọn ìgò epo bí Ìyá Ọlọ́bẹ̀ ṣe wí, ojú tì mí, n ò ní sọ iye rẹ̀ níbí. Ìkòkò ẹ̀fọ́ wa ti fi ju ìdajì epo sílẹ̀, ọkọ mi ní ṣé owó epo ni mo fi ra sikélì. Ẹ̀pà ń bẹ nínú ìdérí agolo, kì í ṣe nínú agolo. Bẹ́líìtì yẹn, àbúrò mi ti gbà á. Kílò 83.4 láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, kí n tó mu omi. Nọ́ọ̀sì ní kí n má gùn ún lójoojúmọ́, pé iyọ̀ alẹ́ àná nìkan lè fi kílò kan omi kún un. Mo ń gbìyànjú.

Ibì kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Oníbàárà máàtì. Mo ní kó fún mi ní omi tútù, obìnrin náà fajú ro, ó ní àbí lééṣì tóun rà kò tó owó tí mò ń retí ni.

Ìyá Ọlọ́bẹ̀

Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Dúpẹ́. Sọ pé ó tutù jù fún eyín ẹ, pé wàá mu ún tó bá yá. Fi sínú báàgì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Kó gbé e dé ilé kó wá di tàwọn ọmọ? Ìyá!

Ìyá Ọlọ́bẹ̀

Mẹ́ta ni wọ́n, ìgò kan ni. Wọ́n á pín in.